Kí ló dé tí eégbọn ń padà sára àwọn ọmọ ajá mi?

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ rèé: “Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìpẹru Rẹ́mọ ni mo ń gbé. Mo ra ọmọ ajá méjì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ṣágámù, akọ kan, abo kan. Ẹni tó tà wọ́n ní wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń họra tọ̀sán-tòru. Eégbọn kún ara wọn, àwọn wẹ́wẹ́ tó máa ń fò bí mo bá fẹ́ mú wọn. Bàbá kan ládùúgbò ní kí n fi kẹrosíìnì pa wọ́n lára, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn eégbọn náà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òmíràn fi dé, awọ ikùn èyí abo sì ti ń bó. Ẹnì kan tó ń gún ajá lábẹ́rẹ́ kiri sọ pé abẹ́rẹ́ Ivermectin kan ṣoṣo ló máa parí ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, náà ti ń họ ọrùn ẹsẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó gún wọn ni, àbí kí n kúkú dá wọn padà?”

Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn èyí tó kánjú jù. Ẹ má fi kẹrosíìnì kàn wọ́n mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún wọn ní abẹ́rẹ́ yẹn. Ní ti dídá wọn padà, kò ní yanjú nǹkan kan, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tó wà nílé yín báyìí kò sí lára wọn, kò sì ní bá wọn lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà. Ara ajá nìkan lẹ ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ibi tí ajá ń sùn ló yẹ kí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, oríṣi kòkòrò méjì ni gbogbo wa ń pè ní eégbọn. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ ajá, tó máa ń wú bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, kì í fò, òun ló sì ń kó oríṣi ibà kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Èkejì kéré, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ́lẹ́ kó lè rí ọ̀nà gbà láàárín irun, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, á sì fò lọ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe ni ìkejì yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú, ẹ mú òòyà eléyín wẹ́wẹ́ tí a fi ń yọ iná orí, ẹ fi ya ìdí ìrù àti ẹ̀yìn ìbàdí wọn, kí ẹ gbọn ohun tó bá bá a jáde sórí tíṣù funfun tí ẹ ti fi omi rin. Ẹ ó rí àwọn nǹkan dúdú wínníwínní. Bí ó bá jẹ́ erùpẹ̀, dúdú náà ni yóò wà. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ eégbọn, láìpẹ́ omi á fà á, àyíká rẹ̀ á sì pọ́n bí ìpata, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ajá yín tó gbẹ ni. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ rí kòkòrò kankan, tí tíṣù yẹn bá ti pọ́n, eégbọn wà níbẹ̀.

Ẹ fọkàn bá mi lọ níbi tó kàn yìí, torí òun ló sọ ìdí tí òmíràn fi yára dé. Abo eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́. Ẹyin náà kì í lẹ̀ mọ́ irun, ńṣe ló ń já bọ́ síbi yòówù tí ajá bá dùbúlẹ̀ sí tàbí tó ti gbọn ara. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó di ìdin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Á wọ abẹ́ ẹní, inú yanrìn, ojú sìmẹ́ǹtì tó ti là, abẹ́ àga. Ìgbẹ́ gbígbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tó ń já bọ́ lára ajá, ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá yó tán, á hun ilé yí ara rẹ̀ ká, eruku àti yanrìn á lẹ̀ mọ́ ilé náà lára, ojú kò ní tún lè dá a mọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń di eégbọn pípé. Nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa níbí, láti orí ẹyin dórí àgbà lè parí láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, àwọn tí ẹ rí lẹ́yìn kẹrosíìnì kò tọ̀dọ̀ aládùúgbò wá. Wọ́n ti wà nílẹ̀ yín, ní ẹyin àti ní ìdin, lọ́jọ́ tí ẹ ń pa àwọn àgbà wọn.

Èyí tó wà nínú ilé tó hun yẹn ló le jù. Oògùn tí a ń fọ́n sílẹ̀ kì í sábà wọlé bá a. Bí kò bá sí ẹ̀dá kankan nítòsí, ó lè dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan, tí yóò máa retí. Ìgbà tó bá gbọ́ kìtìkìtì ẹsẹ̀, tó mọ ooru ara àti èémí lára, ló tó ń bẹ́ jáde. Àwọn ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ti jìyà èyí rí, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó fà á. Wọ́n á ti ilé pa, ẹni tó ń ṣọ́ ilé á máa so ajá mọ́ fàráńdà, tó bá yá ajá á kú tàbí kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wálé fún Ojúde Ọba, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń sáré wọlé sáré jáde, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní tíì ṣú tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn á ti wú. Wọ́n á ní báwo ni eégbọn ṣe dé ilé tí ajá kankan kò sí. Àwọn eégbọn tó ń retí nínú ilé híhun ni ìró ẹsẹ̀ wọn jí.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wàyí. Ivermectin kì í ṣe oògùn burúkú, àwa dókítà ẹranko ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí a lè fún ajá láìséwu, kì í pa eégbọn tí ń fò. Kúrúnà ló mọ̀ ọ́n wò, àti àwọn aràn kan. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ gún un bó ṣe yẹ, eégbọn yín á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìgò tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gún ajá kiri ń gbé lọ́wọ́, ti màlúù ni. Mílílítà kan nínú rẹ̀ wà fún ẹran tó wọn 50 kílò. Ọmọ ajá yín lè má ju kílò méjì lọ. Bí ẹni náà bá fa ààbọ̀ mílílítà, tó lójú òun ti fún un ní díẹ̀, ìwọ̀n ẹran oníkílò 25 ló gún sínú ọmọ kílò méjì. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé wá tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú rẹ̀ là kalẹ̀ tí kò sì ríran, tí gìrì ń mú un. Kò sí oògùn tó ń pa á dà. Ìtọ́jú la máa ń ṣe, a ó sì máa retí, àwọn mìíràn sì ń lọ. Àwọn ẹ̀yà ajá kan tún wà, bíi Collie, tí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà á.

Kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọta-píápíá, Izal, gbogbo wọn ni mo ti bá lára ọmọ ajá. Lóòótọ́ ni wọ́n ń pa eégbọn, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́, wọn kò parọ́ fún yín. Àmọ́ awọ ọmọ ajá fẹ́lẹ́, kẹrosíìnì ń sun ún, bóyá ohun tó bó èyí abo lára nìyẹn. Ó sì máa ń lá ara rẹ̀. Kẹrosíìnì tó bá gba ọ̀nà ẹnu bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ àti èémí tó le ló ń fà, ó sì lè pa á. Ti dichlorvos tó wà nínú ọta-píápíá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni NAFDAC tìtorí rẹ̀ fòfin de títà ìgò kékeré lọ́dún 2019, torí ènìyàn pàápàá kò gbé e dúró. Bí ajá bá ń da itọ́, tó ń gbọ̀n, tó ń ya ìgbẹ́ olómi lẹ́yìn tí ẹ fi irú rẹ̀ pa á lára, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì ṣàlejò rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́ kíákíá kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Kí wá ni ká lò? Ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ ní wọ́n pé ọ̀sẹ̀ méje nígbà tí ẹ rà wọ́n, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án bí ẹni tó tà wọ́n bá sòótọ́. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ọjọ́ orí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu títà, nítorí náà ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín, ẹ wá gbé ajá dání kí ẹ tún wọn, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Bí òṣùwọ̀n ilé bá ń ṣi, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní èyí tó péye. Fún ajá tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, fipronil tí a ń kán sẹ́yìn ọrùn wà, ó sì dára, kìkì pé ẹ kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn. Afoxolaner, tó jẹ́ oògùn jíjẹ, tún ń ṣiṣẹ́ kíákíá fún ajá tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó sì tó kílò méjì, àmọ́ mi ò ní fún ajá tí gìrì ti mú rí. Selamectin, tí òun náà jẹ́ oògùn kíkán, ṣeé lò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fún èyí tó kéré sí gbogbo ìwọ̀nyí, òòyà àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo máa ń fà lé ènìyàn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ gba sùúrù. Amitraz tí wọ́n ń pò sínú omi wẹ ajá kì í pa eégbọn tí ń fò, kò sì yẹ ọmọ ajá tó kéré tó báyìí. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún oògùn ajá tó ní permethrin, nítorí ó ń pa ológbò. Ẹ má pín oògùn ajá ńlá sí méjì fún ajá kékeré. Ẹ ra èyí tí ìwọ̀n wọn wà lára páálí rẹ̀, lọ́wọ́ dókítà tàbí ilé oògùn ẹranko tí ẹ lè padà bá, torí ayédèrú wà lọ́jà.

Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ wọ́n kí ẹ tó kán oògùn, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ hó yí ọrùn wọn ká kí omi tó kan ibòmíràn. Ìgbà tí omi bá kan eégbọn, orí ló ń sá lọ, á wọ etí àti àyíká ojú, ọṣẹ ọrùn yẹn ni yóò dá a dúró. Ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́ tàbí ṣáńpù ọmọ ajá ni kí ẹ lò. Ọṣẹ dúdú wa le jù fún awọ wọn. Ẹ nù wọ́n gbẹ kíákíá, òtútù tètè ń mú wọn.

Ilé wàyí, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Àpò tàbí àkísà tí wọ́n ń sùn lé, ẹ sun ún tàbí kí ẹ fi omi tó ń hó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn tó le. Ẹ gbá gbogbo igun, abẹ́ àga, ẹsẹ̀ ògiri, ojú sìmẹ́ǹtì tó là, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sun pàǹtí rẹ̀. Ìgbálẹ̀ yìí ń kó ẹyin àti ìdin lọ, kìtìkìtì rẹ̀ sì ń jí àwọn tó wà nínú ilé híhun kí wọ́n lè jáde bá oògùn. Yanrìn abẹ́ igi tí wọ́n fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sí, ẹ kó ojú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tó ń ṣíji bò ó, torí ìdin eégbọn kì í fara da oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eégbọn fi ń le lágbègbè wa nígbà òjò ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n oògùn kòkòrò sílẹ̀, kí ajá àti ọmọ jáde títí ilẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Ẹ má sì gbàgbé ewúrẹ́. Ní Rẹ́mọ, ewúrẹ́ onílé kejì ló ń sùn sí fàráńdà wa, eégbọn tí ń fò yìí kan náà sì ń gbé lára ewúrẹ́ àti ológbò. Bí ẹ wẹ ajá mọ́ tónítóní, tí ewúrẹ́ ń sùn sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, tọwọ́tọwọ́ ni yóò máa dá a padà fún yín. Gbogbo ẹran tó wà nínú ilé ni kí ẹ tọ́jú pọ̀, kí ẹ sì máa tún oògùn wọn ṣe lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ ó ṣì rí eégbọn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́, àwọn tó wà nínú ilé híhun ló ń jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sú, tí wọ́n á sì padà sídìí kẹrosíìnì.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa ewé dóńgóyárò. Omi ewé rẹ̀ tí a sè tí a fi ṣan ara lè lé díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò sì ní bá ẹni tó ń lò ó jà, àmọ́ kò lè nìkan kojú ohun tó wà nílẹ̀ yín yìí. Epo dóńgóyárò tí kò ní àbùlà, ẹ yàgò fún un, ọmọ ajá á lá a. Ẹ má sì fún wọn ní aáyù jẹ, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Fún ara tó ń yún wọn, omi tútù níní tí a fi aṣọ mímọ́ rin, tí a gbé lé ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, máa ń fún wọn ní ìsinmi lójú ẹsẹ̀. Ọ́òtì tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ omi ìwẹ̀, náà dára. Àdín àgbọn díẹ̀ lè rọ awọ tó gbẹ, kò sì ní pa wọ́n lára bí wọ́n bá lá a, ṣùgbọ́n kò ní pa eégbọn. Ẹ má fi kalamáìnì tí a ń fi pa ọmọ lára pa wọ́n, síǹkì inú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá tó bá lá a. Ìpara awọ tó da oògùn mẹ́ta pọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà náà kò yẹ wọ́n. Ibi tó ti bó lára èyí abo, ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, ó ti kọjá ohun tí a ń ṣe nílé.

Ìwé lásán ni mo rí, n kò rí ajá, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ń bá eégbọn rìn. Ẹ wo etétí etí wọn, ìgúnpá àti ikùn. Bí irun bá ti ń re níbẹ̀, tí èépá sì bò ó, ẹ fi àtàǹpàkò ra etétí etí náà mọ́ ara rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kí kúrúnà wà níbẹ̀, òun sì máa ń ran ènìyàn. Bí ẹ bá rí oówo tó ní ihò lójú, tí nǹkan ń mí nínú rẹ̀, ìdin eṣinṣin kan tó ń yé ẹyin sínú yanrìn tí ajá ti tọ̀ sí ni. Ẹ fi Vaseline dí ihò náà kí ìdin lè yọrí jáde, kí ẹ tó rọra fún un. Ẹ wo ìdí wọn pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó dà bí hóró ìrẹsì tó ń rìn, aràn ni, inú eégbọn tí ajá gé jẹ ló ti wá. Praziquantel ló ń lé e, àmọ́ á padà bí eégbọn bá ṣì wà.

Ti ọmọ yín, bí ibi tó ń yún un bá jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan, tó rí tótòtó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ojú ibi tí eégbọn gé e jẹ ni, bí ilẹ̀ bá mọ́ á lọ. Bó bá ti dé àárín ìka ọwọ́ àti ìbàdí, tó ń yún un jù lálẹ́, ẹ mú un lọ síléèwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ajá wà nílé.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ẹ ṣí ètè àwọn ajá méjèèjì sókè lónìí, ẹ wo erìgì wọn. Pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti funfun, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn kò jẹun mọ́, tó ń sùn ṣáá, eégbọn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó lè pa á, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ ajá kò pọ̀. Ẹ má dúró wá oògùn kíkán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó bá sún mọ́ yín jù. Bó bá ní ó nílò ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, àti ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣeé gbé e lọ láti Ìpẹru. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti lo kẹrosíìnì àti ọjọ́ tí ẹ lò ó, ẹ má bò ó mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.